Owó Fàdákà Tí Saifullah He ní Mẹ́kà

Tí ẹ bá dé àdúgbò Al-Ammariyah ní Jẹ́dà, tí ẹ béèrè ọkùnrin Nàìjíríà tó ń tún báàgì ṣe, kò sẹ́ni tí kò ní júwe rẹ̀ fún yín. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ gan-an ni ẹnì kankan ò mọ̀. Abu Shanta ni wọ́n ń pè é, ìyẹn bàbá oníbáàgì. Saifullah Àjàmú lorúkọ rẹ̀, Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti bí i. Úmúrà ló bá wá sí Saudi, ó ní òun á kàn gba ààwẹ̀ kan níbẹ̀ kí òun tó padà sílé. Ẹ má rẹ́rìn-ín, bí gbogbo wọn ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ààwẹ̀ kan di ọ̀pọ̀ ààwẹ̀, físà kú, ìkámà tí í ṣe ìwé ìgbélùú kò sì fìgbà kankan wà lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ Roheemat, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Jàmíìlàt, ọmọ tí ẹ máa pè ní Yorùbá tó máa dá yín lóhùn ní Lárúbáwá.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Badr, ará Jẹ́dà kan tó ń ta àpótí ìrìnàjò, ló ń jókòó sí. Síìpù tó já, ẹsẹ̀ àpótí tó yọ, okùn ìgbékọ́ tó tú, kò sí èyí tí kò lè tún ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Bí àwọn jawásáàtì tó ń yẹ ìwé àlejò wò bá yọ lójú títì, Badr á wúkọ́, kí ó tó wúkọ́ tán Saifullah á ti gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ báàgì kọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ, ọ̀rọ̀ owó fàdákà ni.

Ìlú ọba kan wà lọ́nà jíjìn ní ìhà ìlà-oòrùn, Bùrúnéì lorúkọ rẹ̀. Mùsùlùmí ni wọ́n. Bí ohun ńlá bá ṣẹlẹ̀ láàfin, wọ́n máa ń rọ owó fàdákà láti fi sàmì ọjọ́ náà. Kì í ṣe owó tí èèyàn ń kó lọ ra ẹja. Owó tí wọ́n ń fi pamọ́ ni, ó wúwo lọ́wọ́, ó ń dán, ojú ọba sì wà lára rẹ̀. Àlàájà kan láti ìlú yẹn ló kọ́kọ́ fún Saifullah ní ọ̀kan. Àpótí obìnrin náà ló bẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù, aṣọ inú rẹ̀ tú sílẹ̀ lójú gbogbo ayé, ojú sì ń tì í. Saifullah sáré bọ́ síta, ó fi aṣọ ìlékè rẹ̀ bo ẹrù obìnrin náà, ó rán àpótí rẹ̀, ó ní òun ò gba nǹkan kan. Obìnrin náà tú ọ̀rá kékeré kan, ó yọ owó náà, ó fi lé e lọ́wọ́, ó ní kó máa fi rántí òun.

Bí ìfẹ́ ṣe wọ ọkàn Saifullah nìyẹn o. Ọjọ́ yẹn, kò ṣiṣẹ́ mọ́ dáadáa. Ó ń yọ owó náà wò, ó ń dá a padà sápò, ó tún ń yọ ọ́. Nígbà tó délé, ó wá a lórí fóònù rẹ̀, ó rí i pé èyí kì í ṣe ọmọ kan ṣoṣo, pé ó ní ẹ̀gbọ́n, ó ní àbúrò. Láti ìgbà náà, bí àwọn ará Bùrúnéì bá ti wá sí Jẹ́dà láti ra ọjà kí wọ́n tó lọ sílé, Saifullah á bi wọ́n bóyá ọ̀kan wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá ní, á tún báàgì rẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, á tún ti àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe mọ́ ọn. Ó kan àpótí pákó kan, ó fi aṣọ inú báàgì tẹ́ ẹ nínú, ó gé ihò fún owó kọ̀ọ̀kan. Kò jẹ́ fi ìka kan ojú owó, etí rẹ̀ ló máa ń dì mú, bí ẹni gbé ẹyin. Roheemat sọ àpótí náà ní ìyàwó kékeré. Bí ọkọ rẹ̀ bá jẹun tán tó bẹ̀rẹ̀ sí í fojú wá nǹkan, obìnrin náà á ní kó dìde kó lọ kí aya rẹ̀, kí wọ́n má baà pe òun lórogún búburú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ohun tó ń wá lára owó yẹn kò fara sin. Ọkùnrin tí ìwé tirẹ̀ ti kú, tí kò lè fi orúkọ ara rẹ̀ gba ilé, tó bá rí nǹkan kékeré kan tí ọba fi èdìdì sí, tí kò sẹ́ni tó lè ní kò tọ́, ó dára kó ní in lọ́wọ́. Gbogbo ihò inú àpótí náà ló ti kún, àfi ẹyọ kan. Owó tí wọ́n rọ nígbà tí ọba náà pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lórí ìtẹ́ ni ihò yẹn wà fún. Saifullah wá a títí, kò rí i. Àwọn tó ní in nílé wọn kì í gbé e rìnrìn àjò. Ihò yẹn ló máa ń wò jù nínú gbogbo àpótí.

Hashim ló ń kó àwọn ará Bùrúnéì wá bá a. Ọmọ ìlú wọn ni, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Mẹ́kà, ó sì ń ṣe amọ̀nà fún àwọn tó wá ṣe Úmúrà. Ọmọlúàbí ọmọ ni, kì í gbé ohùn sókè. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ àti ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà ni Saifullah ti ṣa ìwọ̀nba èdè Màléè, èdè ìlú wọn, tó gbọ́. Ó mọ "saya", èmi nìyẹn. Ó mọ "ambil", ìyẹn mú, torí ó gbọ́dọ̀ sọ fún oníbàárà pé kó wá mú báàgì rẹ̀ lọ́la. Ó mọ "cari", ìyẹn wá nǹkan kiri. Ó sì mọ "kenapa", kí ló dé, nítorí ohun tí wọ́n máa ń bi í nìyẹn bí síìpù tó tún ṣe bá tún já.

Ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, Saifullah gbé àwọn báàgì tó ti tún ṣe lọ fún Hashim ní Mẹ́kà. Ó kírun Alásáárì ní àgbàlá Hárámù, mọ́ṣáláṣí tó yí Káábà ká, lórí òkúta funfun tó wà níta, torí inú ti kún. Nígbà tí wọ́n sálámà tán, tí èrò ń tú ká, ó rí nǹkan kan lẹ́bàá ibi tí àwọn èèyàn bọ́ bàtà sí. Àpò aṣọ kékeré ni, ó pupa, wọ́n fi okùn so ó lẹ́nu. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé Saudi pẹ́ mọ̀ pé a kì í he nǹkan ní Mẹ́kà. Saifullah náà mọ̀. Ó fẹ́ kọjá. Ó fi ẹsẹ̀ kàn án díẹ̀, ó gbọ́ bó ṣe ró. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú u. Owó ihò yẹn ni.

Ó ní, "N ó kéde rẹ̀." Ara rẹ̀ nìkan ló sọ ọ́ fún.

Bó ṣe dìde, ó rí bàbá arúgbó kan tó dé fìlà dúdú gíga bíi ti àwọn ará Bùrúnéì. Bàbá náà tẹ̀ kóóró, ó ń fi ọwọ́ ta bàtà àwọn èèyàn sápá kan, ó ń wo ilẹ̀. Saifullah sọ fún ara rẹ̀ pé bàtà ni bàbá ń wá. Kì í ṣe bàtà ni bàbá ń wá o. Bàtà bàbá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, Saifullah sì rí i lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó gbé ojú kúrò, ó wọ inú èrò lọ.

Ẹ wo ohun tí ọkùnrin yìí wá ṣe. Nílé, ní Ìṣẹ́yìn, bí èèyàn bá he nǹkan, yóò gbé e lọ bá Lèmọ́mù, wọn á sì kéde rẹ̀ lẹ́yìn Jímọ̀ pé ẹni tó bá sọ nǹkan nù kó wá júwe rẹ̀. Nǹkan dáadáa ni, bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà nìyẹn. Nígbà tí àsàlátù wọn pé nílé Àlàájà Sẹ̀ríkátù, àgbà obìnrin tí gbogbo Yorùbá àdúgbò fi ṣe ìyá, Saifullah dìde láàárín wọn. Ó ní òun he nǹkan kan ní Mẹ́kà, kí ẹni tó ni í wá júwe rẹ̀. Ọkùnrin kan ní tó bá jẹ́ ṣájà fóònù ni, tòun ni. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Saifullah náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó wò ó pé òun ti bọ́ ẹrù lọ́rùn.

Ẹ bá mi rò ó. Arúgbó ará Bùrúnéì sọ nǹkan nù ní Mẹ́kà. Saifullah kéde rẹ̀ ní Jẹ́dà, ní èdè Yorùbá, ní pálọ̀ Àlàájà Sẹ̀ríkátù, fún àwọn ọmọ Ìbàdàn àti àwọn ọmọ Ìlọrin. Ó wá lọ sílé, ó fi owó náà sínú ihò rẹ̀. Ó bọ́ sí i bí ìgbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ó pe Roheemat pé kó wá wò ó. Roheemat wo owó náà, ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó padà sídìí ìkòkò rẹ̀, kò sì fi ìyàwó kékeré ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ó yẹ kí inú Saifullah dùn. Bó bá sì dùn náà, kò pẹ́. Bó bá ti ṣí àpótí, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ síbi owó tuntun yẹn, fìlà dúdú bàbá yẹn á sì dé sí i lọ́kàn. Ló bá ń ṣí i díẹ̀díẹ̀, ló bá ń pa á dé kíákíá.

Ìgbà tí àsàlátù tún pé, Jibril wá bá wọn láti Mẹ́kà. Ọmọ Ẹdẹ ni, ó ń kọ́ òfin ẹ̀sìn ní yunifásítì níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń jẹun lọ́wọ́, Saifullah rọra sún mọ́ ọn. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan he nǹkan ní Hárámù, ó ti kéde rẹ̀, kò sẹ́ni tó yọjú, ṣé ó ti di tirẹ̀? Ọmọ náà ní ìlú mìíràn ni wọ́n ti ń kéde fún ọdún kan tí nǹkan fi ń di ti ẹni tó he é. Ti Mẹ́kà yàtọ̀. Ohun tó bá jábọ́ ní Mẹ́kà, kò gbọdọ̀ sẹ́ni tó máa he é àfi ẹni tó fẹ́ máa kéde rẹ̀ títí ayé, torí kí ẹni tó ni í lè padà wá kó bá a níbi tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ó wá bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

"Ẹ̀gbọ́n, ibi tí ọ̀rẹ́ yín ti kéde yẹn, ṣé ẹni tó ni nǹkan lè gbọ́ ọ níbẹ̀?"

Saifullah gbé òkèlè ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ibi tí wọ́n ń gba nǹkan tó sọnù wà lẹ́bàá Hárámù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ òun ò ní ìkámà, ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n á mú un. Jibril ní ìyẹn kò le rárá. Kí ọ̀rẹ́ náà fún òun, òun ní ìwé, òun á gbé e débẹ̀ lọ́la, wọn ò sì ní mọ ẹni tó fi rán òun. Saifullah dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun á sọ fún ọ̀rẹ́ òun.

Nígbà tó ń lọ sílé ló tó yé òun fúnra rẹ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rù. Tó bá jẹ́ ẹ̀rù ni, ọmọ yẹn ti bá a ká a kúrò nílẹ̀. Ojúkòkòrò ni. Ó fẹ́ owó náà. Ojú tì í lójú títì tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń wò ó.

Kò tíì mọ èyí tó máa ṣe tí Hashim fi wọ ṣọ́ọ̀bù. Roheemat wà níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó gbé oúnjẹ wá fún ọkọ rẹ̀. Hashim kò gbé báàgì kankan lọ́wọ́. Ó jókòó sórí àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ní Lárúbáwá. Ó ní bàbá kan wà láàárín àwọn tí òun kó wá, Àlàájì Harun. Tíṣà ni ìyàwó rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, owó fàdákà kan ni wọ́n sì fi dá a lọ́lá lọ́dún tí ọba pé márùndínlọ́gbọ̀n lórí ìtẹ́. Tọkọtaya ń tu owó jọ láti wá sí Mẹ́kà, ikú mú ìyàwó lọ. Bàbá wá dá wá. Owó fàdákà yẹn ló dì mú lọ́wọ́ nígbà tó ń yí Káábà po lórúkọ ìyàwó rẹ̀. Ó bọ́ sọnù lágbàálá lẹ́yìn ìrun Alásáárì. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti kírun Alásáárì tán lójoojúmọ́, bàbá á padà síbẹ̀, á jókòó. Wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé wọn kì í he nǹkan ní Mẹ́kà, ó sì gbà gbọ́ pé níbi tó bọ́ sí ló ṣì wà, òun ni òun ò rí i dáadáa. Kò bá àwọn yòókù lọ síbì kankan mọ́. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa wọ bàálù.

Hashim ní, "Abu Shanta, gbogbo owó Bùrúnéì tó bá wọ Jẹ́dà, ọwọ́ yín ló ń já sí. Ṣé ẹnì kan ò gbé e wá bá yín?"

Ọ̀nà là sílẹ̀ níwájú rẹ̀ báyìí, ó gbòòrò. Kó kàn ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wà lọ́dọ̀ òun. Àmọ́ ó rò ó: bó bá ní ó wà lọ́dọ̀ òun, Hashim á bi í pé báwo ló ṣe débẹ̀. Hashim ló ń kó iṣẹ́ wá fún un. Hashim ló ń sọ fún gbogbo ará Bùrúnéì pé ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó wà ní Al-Ammariyah, olóòótọ́ èèyàn ni.

Ó ní, "N ò rí i."

Hashim dúpẹ́. Ó tún bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn máa wò ó lọ́wọ́ àwọn tó ń ta nǹkan àlòkù ní ìsàlẹ̀ Al-Balad. Saifullah ní òun á wò ó. Ẹ gbọ́, ó ní òun á wò ó.

Roheemat dúró títí wọ́n fi délé. Ó gbọ́ Lárúbáwá ju ọkọ rẹ̀ lọ, ilé àwọn olówó ní Obhur ló ti ń bá wọn tọ́ ọmọ tipẹ́. Nígbà tí Jàmíìlàt jáde lọ ṣeré, ó wá jókòó ti ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Jàmíìlàt, láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín lẹ ti ń parọ́ fún jawásáàtì. Mi ò bá yín wí rí, torí ká lè jẹun ni. Èyí tẹ́ ẹ pa lónìí ńkọ́? Kí la fẹ́ fi jẹ?"

Obìnrin náà dìde, ó lọ pe ọmọ rẹ̀ wọlé.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kó gbádùn mọ́. Abẹ́rẹ́ gún un lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó fi okùn pupa rán báàgì dúdú, Badr bi í bóyá ibà ń ṣe é. Bó bá kírun, bó bá ti dórí pé kí Ọlọ́run tọ́ òun sọ́nà, ohùn rẹ̀ á gbẹ. Báwo lèèyàn ṣe máa bèèrè ọ̀nà tó mọ̀? Tí ìrun Alásáárì bá ti kọjá ní Jẹ́dà, ó mọ ibi tí bàbá yẹn wà ní ìṣẹ́jú náà, ó mọ òkúta tó ń wò. Àpótí owó wà lábẹ́ ibùsùn, kò fà á yọ. Inú bí i sí bàbá náà pàápàá. Kí ló dé tí kò lè gbà pé nǹkan ti sọnù, kó máa lọ sílé bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀? Lẹ́yìn èyí, ó bínú sí ara rẹ̀ pé òun bínú sí ẹni tí òun jà lólè.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó yọ owó náà nínú ihò, ó dá a padà sínú àpò pupa rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Mẹ́kà. Ó ti to irọ́ rẹ̀ pa: pé ọkùnrin kan ló tà á fún òun ní Al-Balad lánàá, tí òun sì mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Irọ́ tó dáa ni. Kò ní bà á lórúkọ jẹ́, bàbá á rí nǹkan rẹ̀ gbà, gbogbo ayé á sì lọ ní àlàáfíà. Ó ń tún un sọ lẹ́nu lọ́nà títí awakọ̀ fi bi í bóyá òun ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ó bá Hashim lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń kó ẹrù sínú bọ́ọ̀sì. Hashim ní bàbá ṣì wà lágbàálá, òun ń lọ mú un bọ̀. Wọ́n jọ lọ. Wọ́n ti kí Alásáárì tán, oòrùn ṣì mú. Saifullah rí bàbá náà láti òkèèrè. Gbogbo èèyàn tó wà lágbàálá yẹn kọjú sí mọ́ṣáláṣí, òun nìkan ló tẹ orí ba tó ń wo ilẹ̀. Bí bàtà ẹnì kan bá ti kọjá, á na ọwọ́, á fi pa ojú òkúta tó wà níbẹ̀, jẹ́jẹ́.

Irọ́ tí Saifullah tò bọ̀ láti Jẹ́dà, kò rí ọ̀kan sọ nínú rẹ̀. Ó di Hashim lápá mú.

"Èmi ni mo he é," ó sọ ọ́ ní Lárúbáwá. "Lọ́jọ́ yẹn gan-an, níbí. Mo rí i bó ṣe ń wá a, mo sì bá tèmi lọ. Nígbà tó o bi mí, irọ́ ni mo pa fún ẹ. Sọ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ yìí."

Hashim wò ó. Ó gba àpò pupa náà, ó lọ kúnlẹ̀ síwájú bàbá, ó fi lé e lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní Màléè, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Saifullah na etí. Ó gbọ́ Abu Shanta. Ó gbọ́ Jẹ́dà. Ó gbọ́ "cari", ó tún gbọ́ "cari". Kò gbọ́ "ambil" rárá. Ó wá yé e. Ọmọ yìí ń sọ fún bàbá pé Saifullah ló wá owó náà kiri títí tó fi rí i. Ó ń fi aṣọ bo ìtìjú Saifullah lójú bàbá, kò sì jẹ́ kí ojú àwọn méjèèjì pàdé.

Bàbá Harun tú àpò náà. Ó mú owó náà jáde, ó gbé e lé ojú rẹ̀ kan, ó gbé e lé èkejì. Omi dà lójú rẹ̀. Ó fi gbogbo agbára dìde, ó di ọwọ́ Saifullah mú, ó fi ẹnu kò ó, ó sì bi Hashim ní nǹkan. Hashim ní bàbá fẹ́ mọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Saifullah ní Jàmíìlàt ni, òun nìkan ni. Bàbá gbé ọwọ́ sókè síhà Káábà, ó bẹ̀rẹ̀ àdúà. Èdè Lárúbáwá ló fi ń ṣe é, Saifullah gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní kí Ọlọ́run fún ọkùnrin olóòótọ́ yìí ní ilé tí kò ní lé e jáde. Ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí Jàmíìlàt sọ ohun rere nù láyé rẹ̀.

Kò ṣeé gbà. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn ni, ì bá gbà á, àmọ́ àdúà yìí kò ṣeé gbà. Saifullah di ọwọ́ arúgbó náà mú, ó rọra fà á wálẹ̀ láti inú àdúà. Ó na ìka sí àyà ara rẹ̀.

Ó ní, "Saya." Ó na ìka sí ilẹ̀ tó wà láàárín wọn. "Saya ambil."

Hashim sorí kodò. Bàbá wo ilẹ̀, ó wo owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo Saifullah lójú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wò ó dáadáa ni. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò le, bí ẹni tó ń bi ọmọ rẹ̀ ló ṣe bi í.

"Kenapa?"

Saifullah gbọ́ ọ. Kí ló dé? Ó wá èsì rẹ̀ ní Màléè, kò ní in. Ó wá a ní Lárúbáwá. Ó wá a ní Yorùbá tí wọ́n fi bí i, kò rí èyí tó ṣeé sọ lójú bàbá náà. Ó kàn ń mi orí, omi sì ń dà lójú tirẹ̀ náà.

Bàbá Harun so àpò náà lẹ́nu, ó fi sínú aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ń fun fèrè lọ́nà òtẹ́ẹ̀lì. Saifullah rò pé bàbá á yíjú padà, á máa lọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá tún bi Hashim pé kí lorúkọ ọmọ náà, kó tún un pè fún òun. Hashim tún un pè. Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò fo nǹkan kan. Àfi ibi tó ti pè é ní olóòótọ́ tẹ́lẹ̀, ẹrú Rẹ yìí ló pè é lọ́tẹ̀ yìí.

Saifullah la ẹnu, kò lè ṣe àmín. Hashim ló ń bá a ṣe é.